Krómíọ́mù Ọ́ksáídì àti Ìwádìí Bí Oúnjẹ Ṣe Ń Dà Nínú Ẹran: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tó ń bi wá ní ìbéèrè wọ̀nyí jù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́ wọn ní Àkúrẹ́, àti àwọn olùsìn ẹja àti adìẹ láti Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìdànrè tí wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé yìí wá ṣe nínú oúnjẹ ẹran. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Kí ni krómíọ́mù ọ́ksáídì?

Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ni, ó kúnná bí àtíkè, kò sì ní òórùn. Krómíọ́mù méjì àti ọ́síjìn mẹ́ta ló para pọ̀ di í, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní Cr2O3. Kò yòrò nínú omi, ásíìdì tí kò le kò ràn án, ooru rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjá 2,400 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó yọ́. Agídí rẹ̀ yìí gan-an ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí oúnjẹ ẹran ń wá.

Louis Nicolas Vauquelin, ará Faransé, ló ṣàwárí krómíọ́mù ní ọdún 1797. Orúkọ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àwọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí Cr2O3 láìmọ̀ pé òun ni, nítorí wọ́n ń fi ṣe ọ̀dà aláwọ̀ ewé, wọ́n sì ń fi dán irin.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi máa fi ohun tó wà nínú ọ̀dà sínú oúnjẹ ẹran?

Kì í ṣe oúnjẹ, kì í sì í ṣe oògùn. Ohun atọ́ka ni: bí ẹran bá ṣe gbé e mì náà ni yóò ṣe yà á jáde, ìfun kò fà á mu, kò sì dà. Nígbà tí ohun mìíràn nínú oúnjẹ bá ń dà tí ara sì ń gbà á, òun nìkan ni iye rẹ̀ kò yí padà. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Edin, ní orílẹ̀-èdè Sweden, ló kọ́kọ́ dábàá pé kí a lò ó báyìí ní ọdún 1918, wọ́n sì ń lò ó títí di òní.

Ẹ fi ìrẹsì Ọ̀fàdà tí a kò ṣa òkúta rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí òkúta méjì bá wà nínú ife ìrẹsì kọ̀ọ̀kan nínú àpò, tí eku ń jẹ ìrẹsì náà lálẹ́ tí kò sì lè jẹ òkúta, tí ẹ wá bu ife kan lọ́jọ́ kejì tí ẹ ka òkúta mẹ́rin nínú rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé eku ti jẹ ìdajì, bí ẹ kò tilẹ̀ wọn àpò náà rárá. Cr2O3 ni òkúta yẹn, ìfun ẹran ni eku.

Ṣé kò rọrùn jù kí a kàn kó gbogbo ìgbẹ́ ẹran jọ kí a sì wọ̀n ọ́n?

Bí ó bá jẹ́ ewúrẹ́ kan ṣoṣo nínú àgò tó ní àpò ìkógbẹ́ nísàlẹ̀, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dára gan-an, nítorí kò sí atọ́ka kankan tó sàn ju kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kó gbogbo ìgbẹ́ ẹja àrọ̀ nínú omi? Ta ni yóò sì máa tẹ̀ lé màlúù tó ń jẹ̀ káàkiri pápá láti àárọ̀ di alẹ́? Atọ́ka ló jẹ́ kí ẹ lè bu díẹ̀ nínú ìgbẹ́, kí ẹ sì fi díẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀ nípa gbogbo rẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹran máa ń da oúnjẹ nù. Ẹni tó ń kó gbogbo ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ iye tí ẹran jẹ gan-an, kí ó wọn èyí tó ṣẹ́ kù àti èyí tó dà sílẹ̀. Ẹni tó ń lo atọ́ka kò nílò iye tí ẹran jẹ láti ṣírò ìwọ̀n dídà oúnjẹ náà.

Báwo ni ìṣirò rẹ̀ ṣe ń lọ?

Ohun mẹ́rin ni ẹ ó wọ̀n: Cr2O3 nínú oúnjẹ, Cr2O3 nínú ìgbẹ́, èròjà tí ẹ ń wádìí nínú oúnjẹ, àti èròjà kan náà nínú ìgbẹ́. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí ìwọ̀n gbígbẹ, ìyẹn lẹ́yìn tí omi bá ti kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ìlànà náà nìyí:

Dídà (%) = 100 − [100 × (Cr2O3 nínú oúnjẹ ÷ Cr2O3 nínú ìgbẹ́) × (èròjà nínú ìgbẹ́ ÷ èròjà nínú oúnjẹ)]

Ká ní oúnjẹ ẹja yín ní Cr2O3 ìdá 0.50 nínú 100 àti purotéènì ìdá 38, tí ìgbẹ́ ẹja náà sì ní Cr2O3 ìdá 1.60 àti purotéènì ìdá 17.1. Ẹ fi 1.60 pín 0.50, yóò jẹ́ 0.3125. Èyí túmọ̀ sí pé nínú 100 gíráàmù oúnjẹ gbígbẹ, gíráàmù 31.25 ló jáde, 68.75 ti dà. Fún purotéènì, ẹ fi 38 pín 17.1, yóò jẹ́ 0.45, ẹ sọ 0.3125 di ìlọ́po 0.45, yóò jẹ́ 0.1406; purotéènì tó dà jẹ́ nǹkan bí ìdá 85.9 nínú 100.

Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà Cr2O3 méjèèjì ló wà nídìí ohun gbogbo. Bí láàbù bá ṣi ọ̀kan wọ̀n, purotéènì, ọ̀rá, okun inú oúnjẹ, gbogbo wọn ló ṣì pa pọ̀, sí apá kan náà.

Èló ni kí a fi sínú oúnjẹ?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni gíráàmù 5 nínú kílò oúnjẹ kan, ìyẹn ìdá 0.5 nínú 100. Àwọn kan ń lo gíráàmù 3 fún adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀, àwọn mìíràn sì ń lo gíráàmù 10 fún ẹja. Bí ó bá kéré jù, láàbù kò ní lè wọ̀n ọ́n dáadáa. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè máa da ìfun láàmú, a ó sì sọ̀rọ̀ lórí èyí nísàlẹ̀. Ẹ rántí láti dín gíráàmù 5 náà kù lára ohun mìíràn nínú oúnjẹ, bíi sítáàṣì, kí àpapọ̀ rẹ̀ lè ṣì jẹ́ kílò kan géérégé.

Báwo ni a ṣe ń pò ó kí ó lè kárí?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí ẹ lo àkókò lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́ kí ẹran tó fẹnu kan oúnjẹ. Cr2O3 wúwo ju oúnjẹ lọ: bí ẹ bá fi ìwọ̀n omi ṣe òdiwọ̀n, ó wúwo ju omi tó kún àyè kan náà lọ ní ìlọ́po márùn-ún àti díẹ̀. Bí ẹ bá dà á lé orí àgbàdo lílọ̀ tí ẹ sì fi ṣọ́bìrì rò ó, yóò máa rìn lọ sísàlẹ̀ bí ẹ ti ń rò ó.

Èmi náà ti ṣe é rí. Mo da ìyẹ̀fun náà tààrà sínú kílò 20 oúnjẹ ẹja, mo pò ó títí apá fi ro mí, mo sì rí i pé gbogbo rẹ̀ ti ní àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, nígbà tí a ń fa ìgbẹ́ láti inú agbada ẹja ní òwúrọ̀, ìgbẹ́ agbada kan dúdú bí ewédú tó ti sùn, ti agbada tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. A wọn oúnjẹ orí àpò àti ti ìdí àpò: krómíọ́mù tó wà ní ìdí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti orí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà iṣẹ́ ló wọlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń bu oúnjẹ tó kúnná díẹ̀, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n Cr2O3 náà, màá po méjèèjì sínú abọ́ kékeré, màá sì fi asẹ́ aláṣọ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta títí n kò fi ní rí ojú ewé kankan lórí ìwé funfun. Lẹ́yìn náà ni màá fi kún un ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, màá tún pò ó, títí yóò fi dé inú gbogbo rẹ̀. Màá fi omi gbígbóná àti sítáàṣì tàbí òróró dì í, màá sì tẹ̀ ẹ́ di hóró kí ìyẹ̀fun náà má baà ráyè yọ kúrò. Kí ẹ tó fún ẹran jẹ, ẹ bu ọ̀nà márùn-ún níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àpò, kí ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ẹ tún un pò.

Ọjọ́ mélòó ni ẹran yóò fi jẹ ẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí kó ìgbẹ́?

Ó di ìgbà tí iye atọ́ka tó ń wọlé bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ń jáde. Fún ẹja, adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀, ọjọ́ márùn-ún sí méje ni wọ́n sábà máa ń fún un. Fún àwọn ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ó máa ń gba ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, nítorí oúnjẹ máa ń pẹ́ nínú ṣàkì wọn. Ẹ má fi àwọ̀ ewé tí ẹ rí lọ́jọ́ kejì ṣe ẹ̀rí pé ó ti tó: àwọ̀ ń sọ pé atọ́ka ti dé, kò sọ pé ó ti dúró sójú kan.

Báwo ni a ṣe ń kó ìgbẹ́ ẹja àrọ̀ àti epìyà láti inú omi?

Ọ̀nà kan ni kí ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà á láti ìsàlẹ̀ agbada bí ó bá ti ń bọ́ sílẹ̀. Òmíràn ni agbada tí ìdí rẹ̀ rí bí àrọ, tí ìgbẹ́ yóò máa rọ̀ sínú ọ̀pá kan tó dúró jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ fi ọwọ́ tẹ ikùn ẹja díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìdí rẹ̀ kí ó yàgbẹ́ sọ́wọ́ yín. Ẹ̀kẹrin ni kí ẹ pa ẹja náà kí ẹ sì mú un láti inú ìfun ìsàlẹ̀.

Kò sí ọ̀kan tí kò ní àléébù, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ apá ibi tí àléébù náà tẹ̀ sí. Ìgbẹ́ tó pẹ́ nínú omi ti tú díẹ̀ nínú èròjà rẹ̀ sómi, èyí yóò mú kí ó dà bí ẹni pé oúnjẹ dà ju bó ti yẹ lọ. Èyí tí a tẹ̀ jáde láti inú ikùn lè máà tíì dà tán, omi ara ẹja sì lè wà nínú rẹ̀, nítorí náà dídà oúnjẹ yóò dà bí ẹni pé ó kéré. Fún ẹja àrọ̀ mo fara mọ́ kí a fà á láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó bá ti jáde, kí a fi asẹ́ gba omi kúrò, kí a sì gbé e sínú yìnyín lójú ẹsẹ̀. Ìgbẹ́ ẹja àrọ̀ máa ń gùn bí okùn, ó sì máa ń ní awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó. Èyí tó ti já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Adìẹ ńkọ́? Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ ń jáde pa pọ̀.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ohun funfun tó ń bò ìgbẹ́ adìẹ lórí jẹ́ ìtọ̀, náítírójìn sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá wọn náítírójìn gbogbo rẹ̀ tí ẹ sì pè é ní purotéènì tí kò dà, ẹ ti ka ohun tí ara ti gbà tó sì ti lò tán mọ́ ohun tí kò dà rárá.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ purotéènì tàbí amino acid (àwọn ègé tó para pọ̀ di purotéènì) ni ẹ ń wá, ẹ ó pa àwọn ẹyẹ náà, ẹ ó sì rọra fi omi ti ohun tó wà ní apá ìkẹyìn ìfun kékeré jáde, kí ó tó dé ibi tí àpò ìfun méjì ti pàdé ìfun ńlá. Ìwọ̀nba gíráàmù díẹ̀ ni ẹyẹ kan ń mú wá, nítorí náà wọ́n máa ń kó ti ẹyẹ inú àgò kan jọ di ọ̀kan. Kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe èyí láìsí atọ́ka.

Ṣé a lè lò ó fún màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́?

A lè lò ó, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìṣọ́ra púpọ̀. Ìyẹ̀fun tó wúwo yìí máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ nínú ṣàkì, kì í bá koríko rìn pọ̀, ó sì máa ń jáde púpọ̀ ní wákàtí kan, kí ó sì dín kù ní wákàtí mìíràn. Ẹni tó bá bu ìgbẹ́ ní aago méje àárọ̀ nìkan lè rí èsì tó yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó bu ú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nítorí èyí ni àwọn olùwádìí fi dọ́gbọ́n kí wọ́n máa fún ẹran lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí wọ́n máa fún un nínú bébà tí wọ́n ti rẹ sínú Cr2O3, tàbí kí wọ́n fi ohun kan sínú ṣàkì tí yóò máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ibi tó ti wúlò jù fún ẹran tó ń jẹ̀ ni láti mọ iye koríko tó jẹ. Bí màlúù bá ń gba gíráàmù 10 Cr2O3 lójúmọ́, tí ìgbẹ́ gbígbẹ rẹ̀ sì ní ìdá 0.5 nínú 100, a jẹ́ pé kílò 2 ìgbẹ́ gbígbẹ ló ń yà lójúmọ́. Bí ẹ bá ti mọ̀ láti ọ̀nà mìíràn pé ìdá 60 nínú 100 koríko náà ló ń dà, ìdá 40 ni kílò 2 yẹn, nítorí náà kílò 5 koríko gbígbẹ ló jẹ.

Ehoro wá ńkọ́?

Ehoro máa ń jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ ara rẹ̀, ó ń gbà á láti ìdí tààrà. Atọ́ka yóò bá ìgbẹ́ yẹn padà wọlé. Ìgbẹ́ líle, oníhóró, ni kí ẹ bù, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ tó pọ̀ tó láti dúró sójú kan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn iye rẹ̀ ní láàbù?

Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ ìgbẹ́ náà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ásíìdì náítíríìkì gbígbóná tàbí iná jó ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ tán, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ásíìdì perchloric sè é. Ìyẹ̀fun ewé tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni yóò wá juwọ́ sílẹ̀: omi inú ìgò yóò yí láti àwọ̀ ewé sí àwọ̀ ìyeyè, bí omi ọsàn tí a ti bomi là. Wọ́n á tú omi sí i títí dé àmì, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ spectrophotometer wo bí àwọ̀ náà ti ki tó. Ìlànà Furukawa àti Tsukahara ti ọdún 1966, tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún oúnjẹ ẹja ní Japan, ń kà á ní 350 nm (nanómítà, òṣùwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀). Ti Fenton àti Fenton ti ọdún 1979 ń kà á ní 440 nm. Láàbù tó ní ẹ̀rọ atomic absorption máa ń kà á ní 357.9 nm.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ásíìdì perchloric gbígbóná tó bá pàdé ọ̀rá tàbí ohun abẹ̀mí tí a kò tíì fi náítíríìkì jẹ tán lè bú gbàmù. Inú àpótí afafẹ́fẹ́ tí a ṣe fún irú ásíìdì bẹ́ẹ̀ ni kí a ti ṣe é, kì í ṣe lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bí iná bá sì lọ láàárín iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ dúró, ẹ pa ohun tó ń gbóná, kí ẹ sì jáde.

Ṣé Cr ni kí n kọ ni, àbí Cr2O3?

Èyíkéyìí, bí ẹ bá ti lo ọ̀kan náà nínú oúnjẹ àti nínú ìgbẹ́. Krómíọ́mù jẹ́ ìdá 68.4 nínú 100 ìwọ̀n Cr2O3. Mo ti rí ìwé ìwádìí tí ẹnì kan kọ iye oúnjẹ sí Cr2O3 láti inú ohun tó wọ̀n fún ìpòpọ̀, tó sì kọ iye ìgbẹ́ sí Cr láti inú ẹ̀rọ. Ìyà ìdá 31.6 nínú 100 ló fi jẹ ara rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ má ṣe fi iye tí ẹ pinnu láti fi sí oúnjẹ rọ́pò iye tí láàbù rí nínú rẹ̀.

Ṣé májèlé ni? Ṣé a lè jẹ ẹja tó jẹ ẹ́?

Krómíọ́mù ní ìrísí méjì tó ṣe pàtàkì níbí. Èyí tó wà nínú Cr2O3 ni wọ́n ń pè ní krómíọ́mù kẹta, kò yòrò, ìfun kò sì fà á mu. Krómíọ́mù kẹfà ni ọ̀tá: àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, nígbà tí wọ́n fi krómíọ́mù kẹta sínú àwọn tí ẹ̀rí kò tó láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn.

Síbẹ̀, ẹran ìwádìí kì í ṣe ẹran ọjà. Ẹ má kó o lọ sí Ọjà Ọba nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Fún ẹni tó ń pò ó, eruku rẹ̀ ló yẹ kí ó bà á lẹ́rù jù: ẹ bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì pa fáànù.

Níbo ni a óò da omi ìyeyè tó ṣẹ́ kù ní láàbù sí?

Kì í ṣe ojú gọ́tà. Àwọ̀ ìyeyè yẹn ni krómíọ́mù kẹfà: oúnjẹ tí ẹ pò kò ní májèlé náà, ẹ̀yin ni ẹ ṣẹ̀dá rẹ̀ nígbà tí ẹ fi ásíìdì sè é. Gọ́tà púpọ̀ ní Àkúrẹ́ ló ń ṣàn lọ sínú odò Àlà, àwọn kan sì ń fi omi rẹ̀ wọ́n ẹ̀fọ́.

Nígbà tí omi náà ṣì kan, ẹ fi sodium metabisulphite tàbí ferrous sulphate sí i títí yóò fi padà di àwọ̀ ewé; ó ti di krómíọ́mù kẹta nìyẹn. Inú àpótí afafẹ́fẹ́ náà ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí metabisulphite máa ń tú èéfín tó ń ta imú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi omi ẹfun sí i díẹ̀díẹ̀ títí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó) yóò fi dé 8 sí 9. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò rọ̀ sílẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ fi orúkọ sí i lára, kí ẹ sì fi í pa mọ́ pẹ̀lú ìdọ̀tí kẹ́míkà mìíràn.

Ṣé òun náà ni krómíọ́mù tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ adìẹ?

Rárá. Èyí tí wọ́n ń tà, bíi chromium picolinate, jẹ́ èyí tí wọ́n fẹ́ kí ara gbà, ìwọ̀n rẹ̀ nínú kílò oúnjẹ sì kéré gan-an, mílígíráàmù ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láéláé.

Èsì mi fi hàn pé èròjà kan dà ní ìwọ̀n tó kéré sí òdo. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe, kì í sì í ṣe àṣìṣe nígbà gbogbo. Ìgbẹ́ kì í ṣe oúnjẹ tí kò dà nìkan. Omi ìfun, sẹ́ẹ̀lì tó ré kúrò lára ògiri ìfun àti kòkòrò àìrí wà nínú rẹ̀. Bí oúnjẹ bá ní èròjà kan níwọ̀nba gan-an, ohun tí ara fúnra rẹ̀ dà sínú ìfun lè ju èyí tó kù láti inú oúnjẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe nọ́ńbà yìí ní ìwọ̀n dídà tó hàn sójú.

Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo èròjà ló kéré lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fura sí atọ́ka. Ká ní oúnjẹ ní Cr2O3 ìdá 0.50, tí ìdá 70 rẹ̀ sì dà gan-an, ó yẹ kí ìgbẹ́ ní Cr2O3 ìdá 1.667. Bí ìdá 10 nínú 100 rẹ̀ bá sọnù lójú ọ̀nà, yálà ó lẹ̀ mọ́ ara agbada tàbí láàbù kò sè é tán, 1.5 ni ẹ ó kà, èsì yín yóò sì di 66.7.

Mo fẹ́ mọ bí èèpo kòkó nìkan ṣe ń dà nínú ẹja, ṣùgbọ́n ẹja kì í jẹ èèpo kòkó nìkan. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè ọmọ Oǹdó gidi nìyí, nítorí èèpo kòkó kún oko wa. Ẹ ó ṣe oúnjẹ méjì: oúnjẹ ìpìlẹ̀, àti òmíràn tí ìdá 70 rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ìpìlẹ̀, tí ìdá 30 sì jẹ́ èèpo kòkó lílọ̀. Ẹ ó wọn dídà méjèèjì, ẹ ó sì ṣírò ti èèpo báyìí:

Dídà èèpo = D2 + (D2 − D1) × (0.7 × èròjà inú ìpìlẹ̀) ÷ (0.3 × èròjà inú èèpo)

D1 ni dídà oúnjẹ ìpìlẹ̀, D2 ni ti àdàpọ̀. Wàyí o, ẹ wo ewu tó wà nínú rẹ̀. Ká ní ìpìlẹ̀ ní purotéènì ìdá 40, èèpo kòkó ní 8, D1 sì jẹ́ 88. Bí D2 bá jẹ́ 82, èsì èèpo jẹ́ 12. Bí D2 bá jẹ́ 83, èsì di 24.7. Ìyàtọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, tó lè wá láti inú ìpòpọ̀ tí kò kárí, ló sọ èsì di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, fún ohun tí purotéènì rẹ̀ kéré bí èèpo kòkó àti èèpo ẹ̀gẹ́, èmi kì í gba dídà purotéènì tó jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo gbọ́. Mo máa ń béèrè agbada mélòó ni wọ́n lò, àti báwo ni nọ́ńbà wọn ṣe jìnnà síra tó.

Ṣé atọ́ka fúnra rẹ̀ kò máa yí bí oúnjẹ ṣe ń dà padà?

Ó yẹ kí ó máà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí kan ti fi hàn pé ó ń ṣe é. Nínú epìyà, wọ́n rí i ní àwọn ọdún 1990 pé Cr2O3 nínú oúnjẹ yí bí ẹja náà ṣe ń lo sítáàṣì àti ṣúgà padà. Nínú irú ẹja olómi tútù kan, wọ́n rí i pé àwọn kòkòrò àìrí inú ìfun yí padà. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ lórí ìdàgbàsókè ẹja, ẹ má fi Cr2O3 sínú oúnjẹ náà fún gbogbo oṣù tí ẹ fi ń sìn ín: ẹ fi í sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó kó ìgbẹ́ nìkan.

Ṣé kò sí ohun mìíràn tí a lè lò dípò rẹ̀?

Ó wà. Titanium dioxide, ìyẹ̀fun funfun, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò báyìí fún adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀, kò sì fi krómíọ́mù kẹfà sílẹ̀ ní láàbù. Òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ àríyànjiyàn: àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin dè é nínú oúnjẹ ènìyàn ní ọdún 2022. Yttrium oxide dára fún ẹja nítorí ìwọ̀n kíún ló tó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n kò wọ́pọ̀ nítòsí wa.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, eérú tí ásíìdì kò lè jẹ ni mo máa ń dárúkọ. Ó wà nínú oúnjẹ tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ fi yanrìn tó kúnná tàbí Celite (ìyẹ̀fun òkúta tó kún fún sílíkà) kún un. Ẹ ó sun ìgbẹ́ di eérú, ẹ ó fi ásíìdì hydrochloric sè é, ẹ ó sì wọn ohun tó kù lórí òṣùwọ̀n. Iná, ásíìdì kan àti òṣùwọ̀n tó péye ló gbà. Àmọ́ adìẹ tó ń ta ilẹ̀ jẹ àti ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko oníyẹ̀pẹ̀ yóò ba nọ́ńbà yín jẹ́, nítorí yanrìn inú oko kò mọ̀ pé ìwádìí ni a ń ṣe.